Stick tàbí box wo ni kí n rà sí tẹlifíṣọ̀n mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ojú ewé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ máa wo YouTube, Netflix, tàbí fíìmù tó ti wà nínú fíláàṣì, lórí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀. Stick àti box ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ ihò HDMI tẹlifíṣọ̀n láti fi wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀: stick rí bíi fíláàṣì ńlá, box sì rí bí àpótí kékeré. Nàìjíríà la fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé ohun mẹ́ta ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́ fún wa níbẹ̀: dátà, iná, àti ayédèrú ọjà. Ẹni tó bá ti ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó dé Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ọjà Alábà, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò.

Tẹlifíṣọ̀n mi ti jẹ́ smart. Ṣé mo tún nílò ẹ̀rọ mìíràn?

Ẹ kọ́kọ́ lo èyí tó wà nínú rẹ̀. Samsung ti ń lo Tizen láti 2015, LG ń lo webOS láti 2014, ọ̀pọ̀ Hisense sì ń lo VIDAA. Bí YouTube àti Netflix bá ń ṣí kíákíá, tí àwòrán kì í dúró lójijì, ẹ tọ́jú owó yín. Ẹ̀rọ á di dandan nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bá ti dàgbà, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i mọ́, tí áàpù kan bá ń sọ pé òun kò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Ojú tẹlifíṣọ̀n lè ṣì mọ́ kedere, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ má tà á. Stick kan tó ṣeé gbára lé á ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà.

Bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ smart rárá, ihò HDMI kan lẹ́yìn rẹ̀ ti tó.

Tẹlifíṣọ̀n mi kò ní HDMI, ihò yẹ́lò, funfun àti pupa nìkan ló ní ńkọ́?

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń sọ HDMI di AV, ìyẹn ihò aláwọ̀ mẹ́ta yìí. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó: èyí tí a kọ HDMI2AV sí lára ni ẹ nílò. AV2HDMI wà lórí àtẹ pẹ̀lú, wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀nà òdìkejì ni tirẹ̀, kò ní gbé àwòrán kankan jáde fún yín. Ó nílò iná fólítì 5 láti inú wáyà USB tó bá a wá. Ọ̀pọ̀ kì í so wáyà yìí, wọ́n á sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Bí àwòrán bá jáde ní dúdú àti funfun, tàbí tó ń yí lọ sókè, ẹ ti bọ́tìnì PAL/NTSC ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí òdìkejì. Ẹ fi stick náà sí 720p nínú ètò ìṣàfihàn rẹ̀ (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó nìyí: 480p ló kéré jù, 720p àti 1080p ni HD, 4K sì jù wọ́n lọ). YouTube á ṣiṣẹ́. Netflix lè kọ̀ tàbí kó dúdú, nítorí pé ó ń béèrè ààbò tó ń jẹ́ HDCP lọ́wọ́ ohun tí a so mọ́ stick, àwọn kan nínú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí kì í sì í lè dáhùn. Lẹ́tà kéékèèké kò ní hàn dáadáa. Fún YouTube àwọn ọmọdé, ó tó. Fún ẹni tó ń sanwó Netflix lóṣooṣù, ẹ fi owó náà kún owó tẹlifíṣọ̀n tó ní HDMI.

Àwọn wo ló wà lọ́jà, èwo ló sì bá wa mu?

Fún ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, èyí tó ń lo Google TV tàbí Android TV tí Google fọwọ́ sí la máa ń kọ́kọ́ dábàá. Àkáǹtì Gmail tí ẹ ń lò lórí fóònù ló máa lò, Play Store wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè ti orí fóònù Android ju fídíò sí i ní tààrà. Xiaomi TV Box S wà nínú ìsọ̀rí yìí, ó sì ní ihò USB, èyí tí a ó sọ̀rọ̀ lé lórí nísàlẹ̀. Google fúnra rẹ̀ ṣe Chromecast láti 2013 títí di 2024. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni Google TV Streamer, tó ní RAM GB 4, ààyè GB 32, àti ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Wáyà HDMI kò sí nínú páálí rẹ̀, nítorí náà ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Fire TV Stick ti Amazon dára, ó sì rọrùn fún àgbàlagbà láti lò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó fẹ́ àkáǹtì Amazon, orílẹ̀-èdè tó wà nínú àkáǹtì náà ló sì ń pinnu áàpù tí ẹ óò rí. Ẹni tó ń rà á nítorí àtifi áàpù láti ìta sí i gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: Fire TV Stick 4K Select tó jáde ní 2025 kò lo Android mọ́, Vega OS ló ń lò, fáìlì APK, èyí tí a fi ń gbé áàpù láti ìta wọlé sórí Android, kò sì lè wọlé sí i.

Apple TV 4K ló máa ń yá jù nínú gbogbo wọn. Èyí tó jáde ní 2022 ní oríṣi GB 64 tó jẹ́ Wi-Fi nìkan, àti GB 128 tó ní ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Kò ní USB rárá, nítorí náà ẹ gbàgbé fíláàṣì. Bí gbogbo ilé bá ń lo iPhone, ó tọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó yẹn pọ̀ jù.

Roku dára gan-an fún ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba. Nàìjíríà kò sí lára ọjà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ sí yín sílé.

Box kan wà tó pọ́ọ́kú, tí wọ́n kọ 8K sí lára, tí gbogbo ìkànnì sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ló burú níbẹ̀?

Ohun tó burú níbẹ̀ pọ̀, ẹ jọ̀wọ́ ka èyí dópin.

Android tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́ ló wà nínú irú box bẹ́ẹ̀. Google kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kìíní 2023, wọ́n rí sọ́fítíwíà ibi nínú box kan tó ń jẹ́ T95, láti inú páálí rẹ̀, kí ẹni tó rà á tó fọwọ́ kàn án. Ní oṣù kẹfà 2025, àjọ FBI ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa ohun tí a ń pè ní BADBOX 2.0. Ní oṣù keje, Google gbé àwọn tó wà nídìí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní New York, ó sì sọ pé ẹ̀rọ tó ti kó o lé ní mílíọ̀nù 10. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ya íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín fún àwọn àjèjì. Àwọn oníjìbìtì á gba inú ráútà yín kọjá, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe á sì dà bí ẹni pé láti ilé yín ló ti wá. Ó tún ń tẹ ìpolówó fúnra rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Dátà tí ẹ fowó ra ló ń fi ṣe gbogbo rẹ̀, tọ̀sán tòru.

Èkejì, àwòrán rẹ̀ kì í dára. Netflix àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ààbò kan tó ń jẹ́ Widevine. Ẹ̀rọ tí a fọwọ́ sí ní ìpele L1. Àwọn box yìí sábà máa ń ní L3, tí Netflix kì í fún ní ju 480p lọ. Ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí, 8K ni o, 4K ni o, 480p lẹ óò máa wò.

Bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ nìyí: kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, ó ní kí ẹ pa Play Protect, ààbò Google tó ń yẹ áàpù wò, kó tó ṣiṣẹ́, ọjà áàpù mìíràn ló wà nínú rẹ̀ dípò Play Store, ó ṣèlérí bọ́ọ̀lù àti fíìmù ọ̀fẹ́ títí ayé, Netflix inú rẹ̀ sì jẹ́ ti fóònù, tí ẹ ní láti fi rímóòtù wọ́ ọfà kékeré kiri ojú tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá ti ní ọ̀kan nílé, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí Wi-Fi. Kéèyàn dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nílé iṣẹ́ kò wo ó sàn, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà ti bá a wá.

Eélòó ni dátà tó máa jẹ?

Èyí ló yẹ kó ṣáájú owó ẹ̀rọ nínú ìṣirò yín. Gẹ́gẹ́ bí Netflix fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́, wákàtí kan ń jẹ tó GB 0.3 ní ìpele tó kéré jù, GB 0.7 ní ìpele àárín, GB 3 ní HD, àti GB 7 ní 4K. Ilé tó ń wo wákàtí 2 lójúmọ́ á ná GB 18 láàárín ọjọ́ 30 ní ìpele kékeré, GB 42 ní ìpele àárín, GB 180 ní HD. Ẹ fi èyí wé owó tí ẹ̀ ń san fún dátà. Ẹlòmíràn á rí i pé dátà oṣù kan ju owó stick lọ.

Ìpele Netflix kò sí nínú ètò stick. Ẹ ṣí àkáǹtì yín nínú bíráwúsà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí ètò profaili tí ẹ ń lò, kí ẹ yan ìpele níbi tí wọ́n ti kọ Playback settings. Ẹ ṣe é fún profaili kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti àwọn ọmọ. Lórí Fire TV, Data Monitoring wà nínú Preferences: ẹ̀ ń yan Good dípò Best níbẹ̀, ó sì lè kìlọ̀ fún yín bí dátà bá ti dé ibi tí ẹ dá. Fún YouTube, ẹ fi ìṣàfihàn stick sí 720p; kò ní fi bẹ́ẹ̀ máa fà tó ti 4K.

Ohun tó ń jẹ dátà láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀ ni fídíò kéékèèké tó ń ṣí fúnra wọn nígbà tí ẹ bá ń yan fíìmù. Ẹ pa autoplay wọn. Pípa tẹlifíṣọ̀n nìkan náà wà níbẹ̀: iná ojú rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n stick tó ń gba iná lọ́tọ̀ lè ṣì máa fa YouTube lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Rímóòtù stick ni kí ẹ fi pa á, tàbí kí ẹ pa ihò iná rẹ̀ lára ògiri.

Íntánẹ́ẹ̀tì mi gbọ́dọ̀ yá tó báwo?

Mbps 3 fún 720p, 5 fún 1080p, 15 fún 4K. Ẹ wọ̀n ọ́n ní alẹ́, láàárín aago 8 sí 10, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ìwọ̀n ọ̀sán kì í sọ òtítọ́ alẹ́.

Hotspot fóònù mi ni mo fẹ́ máa lò. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń nira díẹ̀. Àwọn kan, bíi Chromecast tí kò ní rímóòtù, nílò fóònù láti fi tò wọ́n, nítorí náà ẹ wá fóònù méjì: ọ̀kan ń fúnni ní hotspot, èkejì wà lórí hotspot yẹn, òun lẹ óò fi ṣe ètò. Bí stick kò bá rí hotspot yín rárá, ẹ yí hotspot sí 2.4 GHz, àwọn stick àtijọ́ kan kò mọ 5 GHz. Bí stick bá mọ méjèèjì, tí ráútà sì wà nínú yàrá kan náà, 5 GHz dára jù, nítorí pé Wi-Fi àwọn aládùúgbò tó wà lórí 2.4 pọ̀ nínú ilé alájà.

Bí stick wà lórí MiFi, tí fóònù wà lórí MiFi kan náà, tí wọn kò sì rí ara wọn, ẹ wọ inú ètò MiFi kí ẹ pa ohun tó ń jẹ́ AP isolation.

Nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ MiFi tàbí fóònù, ẹ fún hotspot tuntun ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ti àtijọ́ gan-an. Stick, fóònù àti gbogbo ohun tó kù nílé á wọlé fúnra wọn.

Stick mi ń kú, ó ń tún ara rẹ̀ tàn léraléra. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ẹ wo ibi tó ti ń gba iná. Bí ó bá jẹ́ ihò USB tẹlifíṣọ̀n ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. USB 2.0 lásán kò ṣèlérí ju milliampere 500 lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ stick ń fẹ́ ampere 1 ní fólítì 5. Ó lè tàn, kó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí fídíò bá ti bẹ̀rẹ̀, ebi iná á pa á, á sì padà sí lógò. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ lò. Bí ṣájà yẹn bá ti sọnù, ṣájà fóònù gidi tó ní fólítì 5 àti ampere 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dára, pẹ̀lú wáyà tó nípọn tí kò gùn jù.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń pa ṣájà jù. Ẹ so ó mọ́ èkísítẹ́ńṣọ̀n tó ní surge protector, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tí NEPA bá mú iná, kí iná tó bá fi agbára dé padà lójijì má bàa bá a nínú ihò. Ní ti ìnífátà, ẹ má bẹ̀rù stick: wọ́ọ̀tì díẹ̀ ló ń jẹ. Tẹlifíṣọ̀n àti ráútà ni kí ẹ ṣírò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní London fẹ́ fi Fire TV Stick ránṣẹ́ sí mi. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ ní kó má so ó mọ́ àkáǹtì tirẹ̀ nígbà tó bá ń rà á. Amazon máa ń bi oníbàárà léèrè, kó sì sọ pé ẹ̀bùn ni. Bí ó bá gbàgbé, á ní láti yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló máa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n yín, rírà tí ọmọ yín bá sì ṣèèṣì tẹ̀, káàdì ẹ̀gbọ́n ló máa gé. Ṣájà Ìlú Ọba wọ ihò iná Nàìjíríà láìsí wàhálà, ẹlẹ́nu mẹ́ta kan náà ni. Ti Amẹ́ríkà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ méjì nílò ohun ìpààrọ̀ ẹnu. Ẹ ka ara rẹ̀ ná, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ 100–240V síbẹ̀. Bí 120V nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ má kì í bọ ihò.

BBC iPlayer, áàpù fídíò ti BBC, àti irú rẹ̀ kò ní ṣí fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn. Ìlú Ọba nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún.

Fíìmù mi pọ̀ nínú fíláàṣì, n kò fẹ́ ná dátà rárá. Kí ni kí n rà?

Box tó ní ihò USB ni. Stick kan lè gba fíláàṣì bí ẹ bá ra wáyà OTG tó ní ẹnu iná lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n wáyà á pọ̀ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ìkan á sì máa já. Ẹ fi áàpù VLC sí i, ọ̀fẹ́ ni.

Fíláàṣì tí a tò (format) ní ìlànà FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó ju GB 4 lọ, bí ààyè inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ GB 128. Ẹ tún un tò sí exFAT lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ kó ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn, nítorí pé títò á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Bí box bá sọ pé òun kò rí nǹkan nínú fíláàṣì, ó lè jẹ́ pé kò mọ exFAT tàbí NTFS. FAT32 ni kí ẹ fi dán an wò.

Àwòrán wà, ohùn kò sí? Ohùn fíìmù náà á jẹ́ DTS tàbí Dolby tí tẹlifíṣọ̀n yín kò lè tú. Ẹ lọ sí ètò ohùn box, ẹ yan PCM tàbí stereo, kí ẹ sì fi VLC ṣí i, torí pé ó máa ń tú u fúnra rẹ̀. Ohùn wà, àwòrán kò sí, tàbí ó ń fò? Ó lè jẹ́ fíìmù H.265, ọ̀nà tuntun tí a ń gbà fún fídíò kó má bàa tóbi jù, tí box yín kò sì ní agbára rẹ̀. Ẹ wá èyí tó jẹ́ H.264, ọ̀nà àtijọ́.

Bí kọ̀ǹpútà wà nílé, ẹ fi Jellyfin sí i, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń gbé fíìmù inú kọ̀ǹpútà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì fi áàpù rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n. Fíìmù á máa gba Wi-Fi ilé kọjá láti kọ̀ǹpútà dé tẹlifíṣọ̀n. Wi-Fi ilé nìyẹn, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì: fíìmù náà kò ní jẹ dátà yín.

Ṣé dandan ni 4K?

Fún tẹlifíṣọ̀n 32-inch, rárá. Àmọ́ oríṣi 4K sábà máa ń ní agbára jù, nítorí náà ó lè yá ju ti HD lọ lórí tẹlifíṣọ̀n HD pàápàá. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ 4K, tí Netflix kò sì gbé 4K jáde, ẹ gbé stick lọ sí ihò HDMI mìíràn. Ihò kan lè ní HDCP 2.2 kí èkejì má ní in.

Rímóòtù mi sọnù ńkọ́?

Áàpù Google TV tàbí Fire TV lórí fóònù á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí fóònù àti stick bá wà lórí Wi-Fi kan náà. Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ náà lè darí stick: ẹ tan HDMI-CEC. Samsung ń pè é ní Anynet+, LG ń pè é ní SimpLink, Sony ní Bravia Sync.

Ó yá nígbà tí mo rà á, ó ti ń falẹ̀ báyìí.

Ààyè inú rẹ̀ ti kún. Oríṣi GB 8 kì í fún yín ní GB 8 gan-an, nítorí pé sọ́fítíwíà tirẹ̀ ti gba púpọ̀. Ẹ yọ áàpù tí ẹ kò lò, ẹ pa cache (fáìlì ìgbà díẹ̀) àwọn tó kù rẹ́, ẹ sì pa á kí ẹ tún un tàn. Ooru ni ẹ̀ṣẹ̀ kejì: stick tó há sáàárín ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti ògiri ń gbóná, ó sì ń dín eré kù kó má bàa jóná. Ẹ fi wáyà HDMI kúkúrú fà á síta.

Kí ni kí n yẹ̀ wò lọ́wọ́ ọlọ́jà kí n tó sanwó?

Ẹ mú fóònù tó ní dátà lọ. Ẹ ní kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fún un ní hotspot yín. Bí ó bá jẹ́ ti Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ gba áàpù tó ń jẹ́ DRM Info sórí rẹ̀, kí ẹ wo bí Widevine bá jẹ́ L1. Ẹ tan YouTube fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ rí i pé orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ti kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú ọlọ́jà. Èyí ṣe pàtàkì fún Chromecast àtijọ́: ní oṣù kẹta 2025, ìwé ẹ̀rí inú ìran kejì rẹ̀ parí, gbogbo wọn kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí Google fi fi àtúnṣe ránṣẹ́, àwọn tí wọ́n sì ti dá tiwọn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí àtúnṣe tó dé rí ìṣòro láti tún un tò. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà sórí rìsíìtì yín, àti ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà.